A Kì í Tú Ebè Wò

Bí ẹ bá dé Ẹ̀dá-Oníyọ̀ tí ẹ béèrè Fẹ̀yìntọlá ọmọ Ògúndáre, ẹni tí ẹ bi yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kí ó tó wá nawọ́ sí àpáta tó wà lẹ́yìn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Orí àpáta yẹn nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti máa ń wọlé dáadáa ní àdúgbò wa. Ibẹ̀ ni Fẹ̀yìntọlá máa ń gùn lọ ní ìrọ̀lẹ́, tí yóò na fóònù rẹ̀ sókè bí ẹni tó fẹ́ fi gbe omi òjò. Àwọn ọmọdé ti sọ àpáta náà lórúkọ, wọ́n ń pè é ní Ọ́fíìsì Bọ̀dá Fẹ̀yìn. Èmi náà ti fi rẹ́rìn-ín rí. N kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Àpínkẹ́ lorúkọ mi, aránṣọ ni mí. Bàbá tó bí mi ni ẹ̀gbọ́n Ògúndáre, nítorí náà Bàbá Kékeré ni mo ń pe Ògúndáre, àbúrò mi sì ni Fẹ̀yìntọlá. Nígbà tí ọkọ mi kú ní Ìlúpéjú, mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi padà sí agbo ilé wa, yàrá tí wọ́n fún mi sì kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Kékeré. Kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí n kì í rí. Àwọn èèyàn ní ẹnu mi mú, n kò sì bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹnu mímú kọ́ ni mo fẹ́ fi sọ ọ́. Ó ń dùn mí ni.

Láti kékeré ni Fẹ̀yìntọlá kò ti lè fi ohunkóhun sílẹ̀ láìrí ìdí rẹ̀. Bí ìyá rẹ̀ bá gbé ẹ̀wà kaná, kí ẹ̀wà tó hó ni ọmọ yìí á ti ṣí ìkòkò wò láìmọye ìgbà, ìyá rẹ̀ á sì fi orógùn lé e jáde. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé, bàbá rẹ̀ fún un ní ebè tirẹ̀ ní ìpẹ̀kun oko, ó fún un ní èèbù iṣu kéékèèké, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbìn ín àti bí wọ́n ṣe ń fi koríko dé ebè lórí kí oòrùn má bàa pa á. Ọmọ náà gbìn ín dáadáa. Ṣùgbọ́n ní àràárọ̀, kí ó tó lọ sílé-ìwé, á sáré lọ sóko, á tú ebè, á yọ èèbù jáde, á wò ó bóyá ó ti hù, á tún bò ó. Kò sí èyí tó hù nínú wọn. Ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú.

Bàbá Kékeré rẹ́rìn-ín títí ó fi di inú mú. Ó gbé ọmọ rẹ̀ sí orí itan, ó ní, “Ọmọ mi, a kì í tú ebè wò. O gbin uṣu, o dé e lórí, o gba ulé lọ. Èyí tó kù, ti ulẹ̀ ni.” Gbogbo agbo ilé fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọdún mélòó kan, lẹ́yìn náà a gbàgbé rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kú kí ó tó parí ilé-ìwé girama. Bàbá rẹ̀ kò fẹ́ ìyàwó mìíràn.

Ìṣirò ló gbà á lọ́kàn nílé-ìwé. Ó sọ fún mi nígbà kan pé ohun tí òun fẹ́ràn jù nínú ìwé ìṣirò ni pé ìdáhùn wà lẹ́yìn ìwé. “Àǹtí, ìṣirò kì í tan èèyàn. Bí ẹ bá tọ ọ̀nà rẹ̀, ibi tó ní ẹ máa dé náà ni ẹ máa dé.” Mo ní kí ó lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà tí mo wọ̀n lánàá tó sì ti sanra lónìí. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ fi hàn pé kò gbà. Ó lọ yunifásítì ní Ọ̀yẹ́, ó ka ìṣirò jáde, ó lọ sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ lókè Ọya, ó sì padà wálé. Ó ní díẹ̀ ni òun máa dúró, kí ìjọba tó pe òun síṣẹ́ olùkọ́.

Báàgì tó gbé dé, kò tú u. Ó gbé e sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ẹ̀wù funfun kan wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò dúdú tí èmi fúnra mi rán fún un. Kò gbọdọ̀ wọ̀ wọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kò gbọdọ̀ wọ̀ wọ́n lọ síbi òkú. Ọjọ́ tí wọ́n bá pè é nìkan ni. Lọ́dọọdún ni mo ń bá a tú ìdí ṣòkòtò náà, nítorí ó ń dàgbà, ìpè kò sì dé.

Kì í ṣe pé iṣẹ́ kò sí rárá. Ọ̀gá ilé-ìwé aládàáni kan ní Ìkọ̀lé ní kí ó wá máa kọ́ àwọn ọmọ òun. Fẹ̀yìntọlá ní bí òun bá bẹ̀rẹ̀ tí ìjọba wá pe òun ńkọ́? Ṣọlá, ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ dàgbà, tó ń dáko tó sì tún ń wa ọ̀kadà, ní kí wọ́n jọ ra ẹ̀rọ tí ń rin gbágùúdá. Fẹ̀yìntọlá ní ta ló mọ̀ bóyá gaàrí á máa tà lọ́dún tó ń bọ̀? Ṣọlá ní, “Èmi náà ò mọ̀. Ṣé ìwọ rí ẹni tó mọ̀?” Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà parí sí.

Ti Monísọ́lá ló dùn mí jù. Ọmọbìnrin náà ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta oúnjẹ adìẹ ní Ìkọ̀lé. Ó dúdú, ó lágbára, ó lè gbé àpò oúnjẹ adìẹ lé èjìká bí ọkùnrin, ó sì fẹ́ràn àbúrò mi dé ibi pé ó máa ń wá sí agbo ilé wa láti wá kí Bàbá Kékeré. Ó ní kí wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì kékeré, kí wọ́n máa gbé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù òun, ibi tí ayé bá gbé wọn dé, kí wọ́n jọ débẹ̀. Fẹ̀yìntọlá ní kí ó jẹ́ kí òun mọ ibi tí wọ́n máa gbé òun lọ ná. Bí ó bá jẹ́ Adó ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ ìpẹ̀kun ìpínlẹ̀ ńkọ́? Monísọ́lá wò ó lójú mi níbẹ̀, ó ní, “Fẹ̀yìn, ìwọ fẹ́ kí Ọlọ́run kọ́kọ́ fọwọ́ sí i kí o tó mí.”

Ó dúró dè é. N kò ní í purọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ó dúró dè é ju bí èmi ìbá ṣe dúró lọ. Nígbà tó yá, ọkùnrin kan láti Ìdó ní òun fẹ́ ẹ, ó sì gbà. Èmi ni mo rán aṣọ tó wọ̀ lọ sílé ọkọ. Mo wà lórí ẹ̀rọ nígbà tí Fẹ̀yìntọlá wọlé, tó fọwọ́ kan aṣọ náà, tó béèrè pé ta ló ni ín. Mo sọ fún un. “Á wọ̀ ọ́ dáadáa,” ó sọ, ó sì jáde lọ sórí àpáta rẹ̀. Èmi ni mo sunkún lé aṣọ náà lórí, tí mo tún wá ń wá bí màá ṣe yọ àbààwọ́n kúrò lára rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu Bàbá Kékeré. Apá kan àti ẹsẹ̀ kan kú, ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀rọ̀ tó lè sọ kò ju gbólóhùn kúkúrú lọ. A gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí ó máa rí ìta.

Nísinsìnyí ni mo máa sọ ti àáró fún yín, nítorí òun ni ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ìlú wa, kò sí ẹni tó lè dá ebè oko odidi kọ tán kí ilẹ̀ tó gbẹ. Àáró ni a fi ń ṣe é. Gbogbo ẹ̀yin ẹlẹ́gbẹ́ á lọ sí oko ẹnìkan lónìí, oko ẹlòmíràn lọ́la, títí yóò fi kárí. Ẹni tó ni oko ló ń gbọ́ oúnjẹ ọjọ́ náà. Àwọn bàbá wa sì fi òfin kan lé e: olóko ló gbọ́dọ̀ kọ ebè àkọ́kọ́. Ọkọ́ ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ kí tirẹ̀ tó kàn án. Bí olóko kò bá sí níbẹ̀, àáró rẹ̀ ti kọjá lórí rẹ̀ nìyẹn, kì í sì í yí padà.

Bàbá Ifáṣeun ni olórí àáró tí Bàbá Kékeré wà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ni látìgbà èwe. Nígbà tí àìsàn náà dé, ó wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní kí Fẹ̀yìntọlá wá dúró sí àyè bàbá rẹ̀. Fẹ̀yìntọlá ní òun kò lè ti ẹsẹ̀ òun bọ okùn. Bí òun bá ti ṣiṣẹ́ lóko ẹni méjì tí wọ́n wá pe òun ńkọ́? Bí àwọn ènìyàn bá ti ṣiṣẹ́ lóko òun tí òun kò sì ní í lè san án padà ńkọ́? Bàbá Ifáṣeun ní, “Ńkọ́, ńkọ́, ńkọ́. Ọmọ yìí, ta ni kò ní ńkọ́ nínú ulé tirẹ̀?” Ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni oko Ògúndáre ṣe di igbó. Ẹ̀yìn ilé nìkan ni èmi àti Fẹ̀yìntọlá ń gbin ìwọ̀nba díẹ̀ sí, kí èèbù má bàa run. Nítorí èèbù náà kì í ṣe èèbù lásán. Ìyá Bàbá Kékeré ló rù ú wá láti ilé bàbá rẹ̀ nígbà tó ń bọ̀ wá sílé ọkọ. Iṣu funfun ni, awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́, bí wọ́n bá gún un á fà bí ẹ̀kọ. A kò rí irú rẹ̀ ní ọjà Ìkọ̀lé, a kò rí i lóko ẹnikẹ́ni mọ́. Lọ́dọọdún ló ń dín kù lọ́wọ́ wa. Ní ọdún yìí, ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, Bàbá Kékeré fi ọwọ́ rẹ̀ kan tó ṣì ń gbé di ọrùn ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. Ọ̀rọ̀ náà pẹ́ kí ó tó jáde lẹ́nu rẹ̀.

“Uṣu ìyá mi,” ó wí. “Má jẹ́ kó kú.”

Fẹ̀yìntọlá wò ó títí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé ọkọ́ bàbá rẹ̀, ó lọ bá Bàbá Ifáṣeun pé òun ti ṣetán.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo rí àbúrò mi nígbà tí inú rẹ̀ dùn. Fún ìwọ̀nba ìgbà tó fi ń tẹ̀lé àáró káàkiri oko àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀, ó máa ń wálé tòun ti ẹrẹ̀ dé orúnkún, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bó, ó ń kọrin. Ó ń jẹun bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. Ó ti wé fóònù rẹ̀ sínú ọ̀rá, ó gbé e sórí àjà, ó sì pẹ́ tí kò gun àpáta. Ó ní, “Àǹtí, ẹ ò mọ̀ pé Ṣọlá lè pa èèyàn lẹ́rìn-ín báyìí!” Mo ní bí ó bá ti tètè sọ̀kalẹ̀ lórí àpáta, ìbá ti mọ̀. Gbogbo wọn ló ti jẹ àáró tán, ó ku tirẹ̀ àti ti ẹnìkan lẹ́yìn rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tirẹ̀, òjò rọ̀, ilẹ̀ rọ̀ kẹlẹ́. Inú mi dùn, mo ń bó ẹ̀pà ọbẹ̀ ọjọ́ kejì lọ́wọ́. Fẹ̀yìntọlá wọlé wá bá mi, fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun kàn ní kí òun gun òkè lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan ni.

“Àǹtí, wọ́n ti pè mí.”

Ilé-iṣẹ́ ìjọba ńlá kan tí n kò ní í dárúkọ ló ń gbani síṣẹ́, wọ́n ní kí ó wá ṣe ìdánwò ní Adó. Ọ̀la. Ní òwúrọ̀.

“Ọ̀la ni àáró rẹ,” ni mo wí.

“Mo mọ̀.”

“Lọ bá Bàbá Ifáṣeun. Sọ fún un.”

Ó jókòó sórí àpótí. “Bí mo bá sọ fún un, á ní kò ṣeé yí. Nígbà náà, màá ní láti mú ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí n kò bá sọ, mo lè tètè ṣe ìdánwò kí n sì dé kí oòrùn tó mú. Ẹ bá mi gbé oúnjẹ lọ, Àǹtí. Ẹ sọ pé mò ń bọ̀.”

Mo bú u. Mo ní ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. Mo ní bí ó bá fẹ́ Adó kí ó fẹ́ Adó, bí ó bá fẹ́ ilẹ̀ kí ó fẹ́ ilẹ̀, kí ó dúró sójú kan lẹ́ẹ̀kan péré láyé rẹ̀. Ó dìde, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti wọ ẹ̀wù funfun àti ṣòkòtò dúdú náà, ọ̀kadà sì ti gbé e lọ sí Ọ̀yẹ́ láti wọ mọ́tò Adó.

Mo gún iyán, mo se ọbẹ̀, mo rù ú lọ sóko. Àwọn ọkùnrin náà ti wà lábẹ́ igi kajú, ọkọ́ lẹ́sẹ̀ wọn.

“Ọmọ Ògúndáre dà?” ni Bàbá Ifáṣeun bi mí.

“Ó ń bọ̀, Bàbá. Ó ní nǹkan tó yára wò ní Adó.”

Ṣọlá gbójú sílẹ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n dúró dè é. Oòrùn yọ, ó gun òkè díẹ̀díẹ̀, ilẹ̀ náà dúdú, ó rọ̀, ó ń rú òórùn dídùn tó máa ń rú lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀. Ara mi kò gbà á mọ́. Mo dìde, mo gbé ọkọ́ kan, mo ní èmi náà ọmọ ilé yìí ni mí, èmi ni màá kọ ebè àkọ́kọ́.

“Àpínkẹ́, gbé ọkọ́ yẹn sílẹ̀.”

“Ṣé ilẹ̀ ní ojú tó fi ń wo ẹni tó ń ro ó ni, Bàbá?”

“Ọmọ ulé ni ọ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n oko Ògúndáre ni, òun tàbí ọmọ rẹ̀ ló lè ṣí i. Nígbà ayé àwọn bàbá wa, wọ́n wọ oko ẹni tí kò sí níbẹ̀, wọ́n kọ ebè kọjá ààlà, ọ̀bẹ ló parí ọ̀rọ̀ náà. Láti ìgbà náà la ti ní kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ mọ́. Bí mo bá gbà fún ọ, kí ni màá sọ fún ẹlòmíràn?”

Inú bí mi sí i, inú ṣì ń bí mi sí òfin náà dòní. Àwọn ọkùnrin tó ní apá, ilẹ̀ tó rọ̀, èèbù tó ti fẹ́ máa hù nílé, gbogbo wọn jókòó wo ara wọn nítorí ẹnìkan ṣoṣo tí kò sí níbẹ̀. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, Bàbá Ifáṣeun dìde. Ó bẹ̀rẹ̀, ó bu erùpẹ̀ díẹ̀, ó fọ́ ọ láàárín ìka rẹ̀. “Ulẹ̀ yìí mà dára lónìí o,” ó wí. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹun kí wọ́n tó lọ. Wọ́n ní a kì í jẹ oúnjẹ àáró tí a kò ṣe.

Mo ru iyán náà padà. Bàbá Kékeré rí mi bí mo ṣe ń wọlé, ó rí i pé igbá wúwo lórí mi. Ó yí ojú sí ògiri.

Ìgbà tí oòrùn ń lọ wọ̀ ni Fẹ̀yìntọlá dé, bàtà rẹ̀ kún fún eruku. Wọn kò jẹ́ kí òun àti àwọn tó wá ṣe ìdánwò wọlé rárá. Ẹ̀ṣọ́ kan ló jáde sẹ́nu géètì pé wọ́n ti sún ìdánwò síwájú, wọ́n á fi àtẹ̀jíṣẹ́ sọ ọjọ́ rẹ̀.

“Nígbà wo ni wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?” ni mo bi í.

“Láàárọ̀.”

“Láàárọ̀! Kí lo wá dúró ṣe?”

“Àwọn kan ní bóyá wọ́n ṣì máa ṣí i.”

Bóyá. Ẹni tí kò gba bóyá lọ́wọ́ ilẹ̀, tí kò gbà á lọ́wọ́ Monísọ́lá, tí kò gbà á lọ́wọ́ Ṣọlá, ìdí bóyá ló jókòó tì lẹ́nu géètì títí àáró rẹ̀ fi kọjá. Mo fẹ́ pariwo lé e lórí, ṣùgbọ́n mo wo ojú rẹ̀, mo sì bu iyán tó ti le fún un. Kò jẹ ẹ́. Adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ.

Ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Ifáṣeun. Bàbá náà fà á dìde. Ó ní, “A ò bínú sí ọ. Ìbínú kọ́. Àáró ti kọjá lórí rẹ ni.” Ó sàn kí ó bú u. Òjò sì dáwọ́ dúró lẹ́yìn náà. Fẹ̀yìntọlá ń dá lọ sóko, ó ń gbẹ́ ilẹ̀ tó ti le bí ògiri, ebè díẹ̀ níhìn-ín, ebè díẹ̀ lọ́hùn-ún. Lábẹ́ àtíbàbà lẹ́yìn ilé, èèbù ń jẹrà. Bí mo bá jókòó sídìí ẹ̀rọ mi, mo ń gbọ́ òórùn wọn. Nígbà tó fi máa kọ ìwọ̀nba ebè tí agbára rẹ̀ ká tán, èèbù tó kù tí kò tíì jẹrà kò kún apẹ̀rẹ̀ kan, wọ́n sì ti rù, wọ́n hunjọ.

Ó gbìn wọ́n. Ó fi koríko dé wọn lórí dáadáa, ó wálé, ó kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

“Mo ti gbìn ín, Bàbá.”

“Ó ṣeun,” ni Bàbá Kékeré wí. Ó sinmi, ó kó ẹnu rẹ̀ jọ. “Má tú u.”

Láti ìgbà náà, ní àràárọ̀ tí ilẹ̀ bá ti mọ́, ọ̀rọ̀ kan ni ọkùnrin náà fi ń jí. “Ó ti hù?” Fẹ̀yìntọlá á ní, “Kò tíì hù, Bàbá.” Òjò kò rọ̀. Lóko Ṣọlá, ìtàkùn iṣu ti ń gun ọ̀pá. Àbúrò mi ń rù. Ó ń ti oko lọ sórí àpáta, ó ń ti orí àpáta lọ sóko, ibi méjèèjì kò fún un lésì. Ó sọ̀rọ̀ kan fún mi tí n kò lè gbàgbé. Ó ní, “Àǹtí, bí ẹnìkan bá lè fi dá mi lójú pé kò ní í hù, ọkàn mi á balẹ̀. Àìmọ̀ yìí ló ń pa mí.” Mo ní, “Ta ló mọ̀, Fẹ̀yìn? Èmi tí mo sin ọkọ, ṣé mo mọ̀? Gbogbo wa là ń bẹ nínú àìmọ̀, a sì ń rán aṣọ.” Ó mi orí, ṣùgbọ́n n kò rò pé ó gbọ́ mi.

Lálẹ́ ọjọ́ kan òjò wá rọ̀, ó rọ̀ títí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, n kò bá a ní yàrá rẹ̀. Mo wọ bàtà rọ́bà mi, mo gba oko lọ.

Ó wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ó ti tú gbogbo ebè, láti àkọ́kọ́ títí dé ìkẹyìn, koríko tó fi dé wọn ti fọ́n káàkiri. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ohun kan. Nígbà tí mo súnmọ́ ọn, mo rí i pé èèbù ni, àti èhù funfun kan tó gùn tó ìka mi, tó ti ṣẹ́ kúrò lára rẹ̀.

“Wọ́n ti hù, Àǹtí,” ó wí. “Gbogbo wọn ló ti hù. Wọ́n ń bọ̀ lókè nígbà tí mo...” Kò parí rẹ̀.

Mo wo inú àwọn ebè náà. Bẹ́ẹ̀ ni. Nínú gbogbo wọn, èhù funfun ti jáde, ó ti fẹ́ yọ orí sókè, ọwọ́ rẹ̀ sì ti ṣẹ́ gbogbo wọn níbi tó ti ń wá wọn nínú ẹrẹ̀. Èèbù tó ti rù tó báyẹn, ẹ̀ẹ̀kan péré ló ní agbára láti hù. Mo kúnlẹ̀ tì í. A bò wọ́n padà, a tún koríko tò sí wọn lórí, nítorí a kò mọ ohun mìíràn tí a lè ṣe. Igbe tí àbúrò mi ké lóko lọ́jọ́ náà, n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí, àní lọ́jọ́ tí wọ́n sin ìyá rẹ̀.

Bàbá Kékeré ti jí nígbà tí a dé. Ó ti gbọ́ òjò. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀.

“Ó ti hù?”

Fẹ̀yìntọlá dúró lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó kó ọwọ́ tí ẹrẹ̀ wà ní èékánná rẹ̀ sẹ́yìn. Ó wò mí. Mo gbójú kúrò.

“Ó ti hù, Bàbá.”

Ẹ̀gbẹ́ ẹnu bàbá rẹ̀ tó ṣì ń gbé rẹ́rìn-ín. “Mo sọ fún ọ,” ó wí. “Nígbà tí o wà lọ́mọdé. Mo sọ fún ọ.” Ó mí kanlẹ̀. “Bó bá gun ọ̀pá, ẹ gbé mi lọ wò ó.”

“A ó gbé yín lọ, Bàbá.”

Láti ìgbà náà ni Fẹ̀yìntọlá ti ń lọ gé ọ̀pá tí iṣu máa gùn. Ó ń gé e ní òwúrọ̀, ó ń gbẹ́ ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó, ó ń tò ó ti ògiri níwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí bàbá rẹ̀ ti lè rí i. Òkìtì ọ̀pá náà ti ga dé ojú fèrèsé báyìí. Bàbá Kékeré ń wò ó láti orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn.